Atẹ́gùn Inú Táyà àti Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Gbọ̀n

Ẹ má tíì na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn, Akọ̀wé mi. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì níbi tó wà, ẹ mu omi yín, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Ènìyàn kì í dédé gbéra láti Òkìtìpupa wá sí Warri nínú òjò àrọ̀ìdá yìí kó ní òun kàn wá kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Mọ̀lẹ́bí ti ṣèpàdé lórí fóònù, wọ́n ti fẹnu kò, wọ́n sì ti rán ẹ̀yin tí mò ń pè ní ọkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, nítorí wọ́n mọ̀ pé n kò ní lè bá yín jiyàn. Ó dáa. N kò ní jiyàn. Àlàyé ni mo fẹ́ ṣe.

Wọ́n ní mo ti dàgbà ju ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ. Wọ́n ní ojú mi ti lọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ̀rí wọn ni pé ọkọ̀ mi yọ̀ lórí omi òjò ní ìyànà Ovwian, ó sì fi imú kan àtẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, Akọ̀wé mi, kì í ṣe ènìyàn. Mo ra gbogbo èyí tó fọ́, dòdò tí ẹ sì jẹ tán báyìí, ara rẹ̀ ni.

Ta ló kọ́kọ́ dábàá pé kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi? Akíndúró ni, ọkọ Abísọ́lá ọmọ mi, ẹnjiníà tí ilé-iṣẹ́ epo gbé wá láti Èkó, tó máa ń dé akoto iṣẹ́ wọlé wá jẹun bí ẹni pé àjà ilé mi fẹ́ wó lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ táyà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ra táyà tuntun mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ṣe fún òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn pa pọ̀, tó lè sáré, tó sì ń di ilẹ̀ mú. Ohun tó kù ni kí a mọ ìwọ̀n atẹ́gùn tó yẹ kó wà nínú wọn. Ìbéèrè kékeré, àbí? Ní Warri yìí, gbogbo ènìyàn ló ní ìdáhùn, kò sí ẹni tó ní ẹ̀rí. Peculiar, fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì wa, fi ẹsẹ̀ gbá táyà náà, ó tẹ́tí sí i bí ìgbà tí dókítà ń gbọ́ àyà aláìsàn, ó ní, "Mama, e don set," pé ó ti tó bẹ́ẹ̀. Mo ní gééjì rẹ̀ ńkọ́. Ó mú un jáde: abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti dúró sójú kan láti ayé Nóà, iye kan náà ló ń kà fún táyà, òun náà ló ń kà fún afẹ́fẹ́ lásán.

Ni Akíndúró bá dá sí i, ó ní ṣebí iye tó yẹ wà lára táyà gan-an, wọ́n kọ mọ́kànléláàádọ́ta síbẹ̀ gàdàgbà. Mo ní ibi tí agbára táyà parí sí nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ ń bèèrè. Bí ìkòkò bá gba odindi àpò ìrẹsì, ṣé ẹnì kan ṣoṣo la máa bù ú fún? Irú ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ọ̀pá epo lórí omi nìyẹn o. Kí Ọlọ́run máa bá àwọn ẹja ṣọ́ ara wọn.

Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì, mo mọ ibi tí à ń wò. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló mọ ìwúwo rẹ̀, ó sì ti lẹ sítíkà ìwọ̀n atẹ́gùn mọ́ etí ilẹ̀kùn awakọ̀. Mo wọ awò ojú mi, mo ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo lọ bá Peculiar ní kùtùkùtù, nígbà tí táyà ṣì tutù, nítorí ooru a máa mú atẹ́gùn wú, mo sì fi gééjì tèmi wọ̀n ọ́n títí tó fi pé. Akíndúró wà níbẹ̀. Ó rí sítíkà tí mo ń kà. Ó rí ilẹ̀kùn tí mo dì mú. Ó ń ta eyín.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń rìn bí ẹni wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ. Òjò rọ̀, mo yà sí Ovwian, àwọn táyà rírọ̀ yẹn léfòó sórí omi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ jìyà. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n tún fi ẹ̀rí kejì tì í: láti ìgbà tí mo ti dé láti ìrìn àjò kan sí Ìbàdàn, n kò lè yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn awakọ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo ń ṣí, tí mo ń nara kọjá lórí ìjókòó láti ṣí tọ̀hún láti inú, bí ẹni tó ń jí ọkọ̀ ara rẹ̀. Akíndúró wò mí tàánútàánú, ó ní, "Màmá, ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n." Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè níwájú dígí, mo ń wò wọ́n. Ṣé ẹ gbọ́ mi yé? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ọwọ́ ara mi.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í fi ẹlẹ́rìí kan dájọ́. Irú sítíkà kan náà wà lẹ́yìn ìdérí ibi tí à ń da epo sí. Mo ṣí i: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọkọ̀ kan, ẹnu méjì! Mo padà sí ẹnu ilẹ̀kùn: ìwọ̀n táyà tí wọ́n kọ sí sítíkà ibẹ̀ kéré sí ti èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi. Mo wá fi èékánná tú rọ́bà etí ilẹ̀kùn náà díẹ̀. Kí ni mo rí lábẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ eérú? Búlúù. Ọkọ̀ mi kò jẹ́ búlúù rí, láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín ti rà á fún mi.

Mo ránṣẹ́ pe Akíndúró, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, tí mo ní kó máa bá mi ṣáná sí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé e jáde, ó fi kọlu òpó iná, ó lọ ra ilẹ̀kùn tòkunbọ̀ lára ọkọ̀ mìíràn tó jẹ́ irú tèmi, tí táyà tirẹ̀ kéré, tí wọ́n ti tú palẹ̀, ó ní kí wọ́n kùn ún, ó pa ẹnu mọ́. Kọ́kọ́rọ́ mi kò bá ilẹ̀kùn náà mu. Ó mọ̀, Akọ̀wé mi. Ó mọ̀, ó sì dì í ru ọwọ́ mi. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ẹ gbọ́ èsì ẹnjiníà: "Màmá, ilẹ̀kùn kò ṣáà ju ilẹ̀kùn lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni. Àṣìṣe tèmi ni pé mo gbà pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi, ti ọkọ̀ mi ni.

Mo ti fẹ́ táyà mi dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo gba ìyànà Ovwian kan náà nínú òjò àná. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ rí mi lókèèrè, ó sáré kó àtẹ rẹ̀ wọlé, ọkọ̀ kò tilẹ̀ mira. Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Ibi tí Akíndúró ti sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ibẹ̀ gan-an ni kó ti sọ ohun tó ṣe ilẹ̀kùn mi, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, kì í ṣe kí Abísọ́lá bá a tọrọ gáfárà. Títí yóò fi sọ ọ́, kò ní jẹun nílé mi mọ́, ì báà dé akoto, ì báà má dé e.

Kí lẹ wí? Wọ́n ti rán yín, ẹ kò lè padà lọ́wọ́ òfo? Ẹ jàre, iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ náà. Mo ní kí ẹ mú un. Ọkọ̀ ló wà níwájú yìí. Ẹ lọ fi ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Tó bá ti ṣí, ẹ máa wà á lọ sí Òkìtìpupa, n kò ní pè yín padà.

Ẹ yí i. Ẹ yí i dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ kejì kún un.

Kò ṣí? Háà, ọkọ mi. Ọwọ́ yín náà ti ń gbọ̀n nìyẹn. Ẹ má fòyà. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ nara kọjá lórí ìjókòó bí mo ṣe ń ṣe, kí ẹ ṣí i fún mi láti inú. Kí ẹ sì jókòó síbẹ̀. Èmi ni n óò wa ọkọ̀. Ilé Akíndúró là ń lọ.