Ìyá Tó Ń Ṣi Ewé Kà

Ní Sátidé kan ní Egan, níbi tá a ti ń retí kí ẹ̀rọ ata kàn wá, mo gbọ́ tí abiyamọ kan ń sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún bàbá onírun funfun kan tó gbé ẹ̀wà wá fún lílọ̀.

"Bàbá, ìṣirò ń dẹ́rù ba ọmọ mi. Tí mo bá ti ní kó mú ìwé wá, ẹkún ni. Wọ́n sì ní ó lè tún kíláàsì yẹn kà."

"Bó bá kùnà, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń gbá a létí ni jàre."

"Háà! Ìyá tèmi ò mọ̀wé o. Ní Èkìtì, tá a bá ń to ewé mọ́ínmọ́ín ní méjì méjì, á máa kà á sókè: 'Mẹ́wàá, méjìlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.' Èmi á pariwo pé, 'Rárá, Màámi, mẹ́rìnlá ni!' Á ní, 'Ọmọ yìí ló ń kó mi yọ.' Orí mi á wú, màá tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ wá ń kọ́ Màmá ní ìṣirò!"

"Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo ti di tíṣà kí n tó gbọ́ pé òun ló ń bá àwọn aboyún àdúgbò ka oṣù. Kò sì ṣì í kà rí."

Kò sì ṣì í kà rí. Bó ṣe rọra sọ ọ́ ṣì wà létí mi.

Obìnrin náà wá ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè ṣì í kà lójúmọ́, tí ọmọ mi ò ní fura?"