Ogún Èèpo Ọta fún Ìbọn Bàbá Yín

"Má jẹ́ kó pọ́n o." Ohun tí Aletta ìyàwó mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn, Barend. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdágbére, ọ̀rọ̀ idẹ ni, ó ní kí n má jẹ́ kí idẹ èèpo ọta pọ́n lójú iná, òun ń lọ gbé kọfí kaná. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré nìyí tá a sin ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni o, ìwọ wá jókòó síbí, ò ń bi mí pé èèpo ọta mélòó ló ti délẹ̀.

Méjìlá. Méjìlá tí mo ṣe lọ́jọ́ tó kú náà ni. Ogún lo fẹ́. Ṣé orí igi ni wọ́n ti ń ká a ni? Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọta ìbọn bàbá yín ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí ẹ̀yin méjèèjì. Èmi ni máa wá èèpo ọta mìíràn tó gùn jù, máa gé ọrùn rẹ̀, máa fi iná gáàsì mú kó rọ̀, máa tì í sínú irin tó ń fún un mọ́ra, máa tún da ẹ̀tù díẹ̀ àti ìyẹ̀fun àgbàdo sí i, kí n yìn ín kó lè wú bá inú ìbọn yẹn mu. Iná pọ̀ jù, ó bàjẹ́. Iná ò tó, ọrùn á là. Ẹyọ kan ṣoṣo nìyẹn o.

O ní, "Ẹ̀gbọ́n Floris, iṣẹ́ á jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé." Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ gbàgbé?

O tún ní bí ogún ò bá pé kí àsìkò ọdẹ kúdù, ẹran ìgbẹ́ oníwo lílọ́ yẹn, tó dé lóṣù Keje, wàá gbé ìbọn náà lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn ní ìlú Graaff-Reinet, kó lu ihò rẹ̀ gbòòrò, kó lè máa gba ọta tí wọ́n ń tà lórí àtẹ. Aletta mú mi búra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ikú bàbá yín pé irin kankan ò ní wọ ihò yẹn níṣojú mi. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ẹran gbígbẹ kún ẹnu rẹ. Bí mo bá tan gáàsì yẹn, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Bí mi ò bá tàn án, mo ti búra èké. Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn méjèèjì pa, o wá ní kí n jáde.

Má mirí sí mi. Fi ìbọn yẹn sílẹ̀ lórí ògiri lọ́dún yìí. Kúdù ò ní bínú.

Mi ò tíì gé mẹ́jọ tó kù. Mi ò tíì ra gáàsì. Mi ò tíì kó aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn. Mi ò tíì yan ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sí òkúta ibojì rẹ̀. Mi ò sì tíì sọ fún àwọn ọmọ pé mo gbọ́ nígbà tó ṣubú ní ilé ìdáná, pé mo rò pé ìkòkò ni, pé mo kọ́kọ́ parí mẹ́ta tó wà níwájú mi kí n tó wọlé.