Aṣọ Tí Màmá Hun fún Dáre

Okun o, ẹ̀yin ará ìjọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ tó wà láàyè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́ nìkan ni màá sọ.

Nígbà tí Fúnmi ìyàwó mi bí Dáre, ìyá mi wá láti Ògìdì láti máa bá wa wẹ ọmọ. Ahunṣọ ni Màmá. Ó gbé kíjìpá kan dání, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Aṣọ náà nípọn, ó wúwo. Ọyẹ́ mú ní Kàbbà níbí nígbà náà. Bí Dáre bá fẹ́ sùn, Màmá á dà á dojú bolẹ̀, á fi kíjìpá bò ó.

Mo mọ̀ pé kò dáa. Èmi fúnra mi ni mo ka ìmọ̀ràn àwọn nọ́ọ̀sì lórí rédíò: ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ bó bá ń sùn, ẹ má fi aṣọ sítòsí ojú rẹ̀. Mo kà á fún gbogbo ìpínlẹ̀. Mi ò lè kà á fún ìyá mi.

Fúnmi gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Màmá ní, "Ọkọ rẹ tó ń pariwo nínú rédíò yìí, dídojú bolẹ̀ ló ń sùn tó fi dàgbà!" Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fúnmi lọ sí kànga. Màmá ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Èmi wà ní pálọ̀, mò ń kọ ìròyìn. Okùn tí Fúnmi fi ń fa omi já, ó padà wá mú òmíràn, ó sì yọjú wo ọmọ tó ń sùn ní yàrá.

"Jésù!"

Kíjìpá ti bo Dáre lórí pátápátá. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Fúnmi fà á yọ, ó ń fọwọ́ gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń pe Jésù. Mo sáré wọlé, àmọ́ èmi ò rí àdúrà kankan gbà ju "Olúwa, má jẹ̀ẹ́" lọ. Ọmọ ké! Haa! Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó já okùn!

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì yẹ ọmọ wò, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kíjìpá yẹn bo ojú ara yín."

Màmá bò ó. Kò pẹ́ tó fi ṣí i. "Mi ò lè mí dáadáa."

"Ẹ̀yin lọ́wọ́ tí ẹ fi ṣí i, Màmá. Dáre ńkọ́?"

Màmá sunkún. Nígbà tí a jáde, ó kọjú sí mi. "Bọ́dé, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O sọ fún gbogbo ayé, o wá fo ìyá rẹ?"

Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, nínú eruku.

Mo rò pé ó máa gbé aṣọ rẹ̀ padà sí Ògìdì ni. Ẹ wẹ̀yìn. Màmá ló dúró létí fèrèsé yẹn. Kíjìpá yẹn náà ló fi pọn Dáre, ojú ọmọ sì wà níta gbangba. Ó ti yà nílé gbogbo abiyamọ àdúgbò wa láti sọ ohun tí èmi ò lè sọ fún un.

Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ dìde, ẹ bá wa yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rọra pàtẹ́wọ́ o, ọmọ ń sùn.