Dírẹ́bà Tí A Gbàdúrà Lé Lórí

Ẹ̀yin ará, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi kí Olúwa kú iṣẹ́! Ó ṣiṣẹ́ nílé mi.

Nígbà tí mo bí Àbẹ̀kẹ́, màmá mi wá bá mi wẹ ọmọ ní Peckham níbí, nílùú òyìnbó. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kì í tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀, mo kó o sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó wà nílé. Èmi ò mọ oríkì ilé wa. Àwọn ló mọ̀ ọ́n kẹ́yìn nínú ẹbí. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì sùn nínú Olúwa. Ọjọ́ tí mo ní kí n gbọ́ wọn, háà! Kọ̀ǹpútà dì gbagidi. Mo pa á, mo tún un tàn, ó tún dì.

Uncle Fẹ́mi tó ń bójú tó sound ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá wò ó. Wọ́n ní disk tí ohùn wà nínú rẹ̀ ò bàjẹ́, controller ni, ìyẹn ohun tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu disk fún kọ̀ǹpútà. Ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì, kò sì sí irú ẹ̀ láti rà mọ́. Àfi ká fún un ní dírẹ́bà mìíràn, ètò inú kọ̀ǹpútà tí á máa rọra lò ó.

Ni mo bá kọ ọ́ sí group àwọn ìyá aládùúrà pé dírẹ́bà tuntun la ń wá o, ẹ gbà mí. Kíá, Mummy Ìbùkún pè: "O ra mọ́tò, o ò sọ fún wa!" Kí n tó fèsì, wọ́n ti wọnú àdúrà: "Olúwa, fún un ní dírẹ́bà tí kì í sáré àsápajúdé, tí kò ní í da ẹrù sílẹ̀ lójú ọ̀nà!"

Mo ní, "Mummy, ti inú kọ̀ǹpútà ni o."

"Ṣé ìyẹn kì í gbé ẹrù ni?"

"Ó ń gbé e, mà."

"Ṣe àmín, jàre!"

Mo ṣe àmín.

Uncle fúnra wọn ló padà kọ dírẹ́bà náà, àmọ́ wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kan ohùn màmá mi lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ní ká fi ohun tí kò ní dùn wá tó bá bàjẹ́ test ẹ̀ wò. Fọ́tò kọ́tìnì tí mo yà lọ́jà Deptford, tó wà lórí disk kan náà, la lò. Wọ́n copy ẹ̀, wọ́n fi wé original. Ìdajì ti di eérú! Ká ní màmá mi la fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Uncle tún dírẹ́bà yẹn tò, kó máa gbé díẹ̀díẹ̀, kó má kó wọn pọ̀. A test ẹ̀, ó dọ́gba. A tún test ẹ̀, ó dọ́gba! Wọ́n wojú mi: "Ṣé ká lọ?" Mo ní, "Ẹ máa lọ, lórúkọ Jésù."

Ará, ohùn ìyá mi jáde! Omi ìwẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ń ki ọmọ wọn. Àbẹ̀kẹ́, tí kò lè rántí ojú wọn, dìde lórí carpet: "Mummy, who's calling me?" Mo ní ìyá ẹ àgbà ni. Ọmọ yìí lọ kúnlẹ̀ síwájú speaker, ó fi Yorùbá ẹnu òyìnbó ẹ̀ ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Mo bú sẹ́kún. Uncle Fẹ́mi kọjú sí ògiri.

Ikú mú màmá mi lọ, Ọlọ́run ò jẹ́ kó kó ohùn wọn mọ́ ọn. Gbogbo ògo, tirẹ̀ ni! Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà, ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ̀yin tí tiyín ti sùn, ẹ dìde, ẹ wá bá mi jó.