Àgbàdo Wa Kò Sí Nínú Ẹgbẹ́

A tò sórí ìlà láti gba ajílẹ̀ ìjọba ní Èrúwà, ni ọkọ obìnrin tó wà níwájú mi bá yọ dé pẹ̀lú ìbínú.

"Ìyá Ṣeun, kúrò níbẹ̀ yẹn! Tá a bá gba ajílẹ̀ wọn, a ti gbà pé àwọn ló wọlé ìbò nìyẹn. Ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú wa ṣì ń bá wọn ṣẹjọ́ ìbò náà ní kóòtù."

"Bàbá Ṣeun, ewé àgbàdo wa ti pọ́n tán lóko."

"Nígbà tí bàbá mi kú, nínú òjò ni ọ̀gá wá bá wa sìnkú ní Igangan. Ṣé èmi ni kí n kọ́kọ́ dalẹ̀ wọn?"

"Ta ló ní kí ẹ dalẹ̀? Ẹ̀yin lẹ wà nínú ẹgbẹ́. Àgbàdo wa kò sí nínú ẹgbẹ́!"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn èèyàn ń wò wá," ó rọra sọ.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò! Tí kóòtù bá dá ọ̀gá yín láre, tí wọ́n wá kí yín nílé, ṣé ìwé kóòtù la máa sè fún wọn?"