Ẹ̀rù Iwin Kọ́ Ló Bà Mí

Ní nǹkan bí ọdún 1988, nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin àti obìnrin kan tí wọ́n ti jọ ṣe tíátà rí pàdé lórí ìjókòó ẹ̀yìn mi.

“Ṣé o rántí fọ́tò tá a yà fún pósítà eré iwin ní Takie, l’Ógbómọ̀ṣọ́?” ni ọkùnrin náà bi í. “Èmi ni iwin. Wọ́n fi ẹfun kùn mí lójú.”

“Ẹ dà bí ẹni tó ṣubú sínú láfún! Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè ṣojú ẹ̀rù.”

“Àfi bí ojú rẹ ṣe ṣàdédé yí padà. Pósítà yẹn dẹ́rù ba gbogbo ìlú. Báwo lo ṣe ṣe é?”

Obìnrin náà fèsì pé, “Ẹ sọ̀rọ̀ sí mi létí, ẹ ní Èkó lẹ ń lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ ò ní padà. Ẹ̀rù iwin kọ́ ló bà mí.”

A ti ń wọ Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọkùnrin náà bi í pé:

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹnu mi ṣí sílẹ̀ lára gbogbo ògiri ìlú. Kí ló tún kù tí mi ò sọ?”