Téèpù Tí Mo Ní Ó Dára

Ẹ kú ọjọ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, nítorí tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí dé àárín, ẹkún lè gbà á lẹ́nu mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mọ irọ́ tó ti ẹnu mi jáde, tí kò sì jẹ́ kó pa ẹnikẹ́ni.

Títílayọ̀ lorúkọ mi. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí sí Sister Títí tó máa ń jókòó lẹ́yìn nítòsí fèrèsé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí CMS. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, mi ò mọ abẹ́rẹ́ gún. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe níbẹ̀. Gbogbo aláìsàn tó bá wọlé, ọ̀dọ̀ mi ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń gbé: orúkọ, ọjọ́ orí, irú ẹ̀jẹ̀, àìsàn tó ti ṣe, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀.

Tẹ́lẹ̀, inú káàdì la ń kọ ọ́ sí. Lọ́dún kan òjò rọ̀, omi wọ yàrá káàdì, gbogbo rẹ̀ jẹrà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ti tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà tán kí omi tó dé. Láti ìgbà náà, kò sí ìwé mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí à ń pè ní sáfà ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà. Èyí tó wà lọ́dọ̀ Dókítà, èyí tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, èyí tó wà níbi oògùn, ọ̀dọ̀ sáfà yìí ni gbogbo wọn ti ń béèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, sọ́fíwíà tó ń darí àkọsílẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. A óò pe orúkọ ẹnì kan, á gbé ti ẹlòmíràn wá. Nígbà míì á kàn dákẹ́, a óò pa á, a óò tún un tàn. Dókítà àgbà, tó ni ilé ìwòsàn náà, kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é nílùú òyìnbó. Ìdáhùn wọn jáde nínú ẹ̀rọ fáàsì tó ń gba lẹ́tà láti òkèèrè, lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan. Wọ́n ní kí á yọ sọ́fíwíà náà kúrò pátápátá, kí á tún un gbé sí látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní tí a bá ń yọ ọ́, gbogbo ohun tó wà nínú ilé rẹ̀ ni yóò bá a lọ, títí kan àkọsílẹ̀, nítorí náà kí á ti kó àkọsílẹ̀ pamọ́ síbòmíràn, kí ó sì dá wa lójú pé ohun tí a kó pamọ́ ṣe é kà.

Èmi ni mo ka ìwé náà fún Dókítà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn, ó wò mí. Ó ní, "Téèpù wa ńkọ́, Títí? Ṣé ó dára?"

Mo ní, "Ó dára, sà."

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀ bóyá ó dára. Téèpù ni àpótí kékeré tí à ń da àkọsílẹ̀ sí, nítorí bí nǹkan bá ṣe sáfà. Gbogbo ọjọ́ Fúráìdè ni mo máa ń fi tuntun sínú maṣíìnì rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tó ń yí, màá yọ ọ́, màá kọ déètì sí i lára, màá tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é. Mi ò fi ọ̀kan ṣoṣo padà sí i rí láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

A fi iṣẹ́ náà sí Sátidé, torí pé aláìsàn kì í pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àárọ̀ Fúráìdè, mo kúnlẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe kí n tó jáde, mo ní kí Ọlọ́run bá mi ṣe iṣẹ́ ọ̀la. Àdúrà náà kò lọ. Ohun tí mò ń gbọ́ nínú ara mi ni ohùn èmi fúnra mi: ó dára, sà. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó dára, sà. Mo dìde lórí eékún láìṣe àmín.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́, mi ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí mo fi mú téèpù ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo fi sí i, mo ní kó fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn mí. Ó yí, ó yí, ó dúró. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo mú ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Kò sí nǹkan kan. Mo mú ti oṣù tó kọjá. Mẹ́sàn-án ni mo gbé sí i láàárọ̀ yẹn, gbogbo wọn ló ṣófo, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ìkọ̀wé mi wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú déètì.

Èrò kan wá bá mi. Ó ní kí n dákẹ́. Ó ní bóyá òyìnbó kàn ń dẹ́rù bà wá ni, bóyá a óò yọ ọ́ tí àkọsílẹ̀ ò ní lọ. Tó bá sì lọ, mo lè ní téèpù ló bàjẹ́. Ta ló máa bi mí pé ṣé mo yẹ̀ ẹ́ wò? Mi ò ní purọ́ fún yín, èrò náà dùn mọ́ mi. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀.

Mo wá wọ tọ́yílẹ́ẹ̀tì, mo ti ilẹ̀kùn. Àdúrà tí mo gbà kò gùn. Mo ní, Olúwa, gbé mi dé ọ́fíìsì Dókítà kí ẹ̀rù tó dá mi padà.

Mi ò jókòó nígbà tí mo débẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, téèpù tí mo ní ó dára, mi ò wò ó kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Ó yọ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní, "Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Mo ń retí pé kó ní kí n lọ kó ẹrù mi. Ó wá ní, "Ó sàn kí o sọ fún mi lónìí ju kí o sọ fún mi ní Mọ́ńdè. Lọ bá Alhaji ní Ìdúmọ̀tà. Sọ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, má bù mọ́ ọn, má yọ kúrò."

Alhaji Súfíánù ni ó ń sọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta kọ̀ǹpútà, ó sì ń tún un ṣe, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lórí àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ tán. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ fọ ẹnu maṣíìnì téèpù yẹn kẹ́yìn?"

Mo ní, "A kì í fọ̀ ọ́, sà."

"Ó ń yí lásán nìyẹn, Àǹtí. Bí ẹni ń fi bírò tí kò ní íńkì kọ̀wé ni. Ọwọ́ ń lọ, ọ̀rọ̀ ò hàn." Ó ronú díẹ̀. "Àtúnṣe ẹ̀ kò lè ṣeé ṣe kó tó dọ̀la. Màá gbé kọ̀ǹpútà kan wá látinú ṣọ́ọ̀bù mi. A óò fi wáyà so ó mọ́ sáfà yín, a óò da àkọsílẹ̀ sínú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Sátidé, a kò tíì ṣí géètì tán tó fi dé, tí alábàárù kan ru kọ̀ǹpútà náà tẹ̀lé e. Àwa méjèèjì wà nídìí rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, mo ní kí á tún un kà. A ka iye fáìlì tó wà nínú sáfà, a ka èyí tó wà nínú ti Alhaji, wọ́n bára mu. Mo ní kí á tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Alhaji wò mí, ó kà á.

Mo kọ gbogbo ètò inú sáfà sínú ìwé, orúkọ àwọn tó ń lò ó, orúkọ àwọn maṣíìnì ìtẹ̀wé, nọ́ńbà àṣẹ tí àwọn tó ṣe sọ́fíwíà fún wa. A ní kí gbogbo ènìyàn pa kọ̀ǹpútà iwájú wọn. Mo wá sọ fún sáfà pé kó yọ sọ́fíwíà náà. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo fi ìka lé bọ́tìnnì. Alhaji ní, "Má tíì tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ ná." Nígbà tó balẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó ti kúrò. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ láìsí nǹkan kan.

Inú dísìkì mọ́kànlá tí wọ́n ti fún wa tẹ́lẹ̀ ni sọ́fíwíà tí a fẹ́ gbé padà sí i wà. Ìkíní wọlé, ìkejì wọlé, títí dé ìkẹfà. Ìkeje, sáfà ní òun ò lè kà á. Mo yọ ọ́, mo fi sí i. Kò kà á. Mo tún fi sí i. Kò kà á. Ti àtijọ́ ti lọ, tuntun ò tíì wọlé, a wá wà láàárín méjèèjì.

Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n gbé Màmá Sìdíkátù wọlé. Ìyá àgbàlagbà kan ni, láti Ìsàlẹ̀ Èkó níbí. Kò lè mí dáadáa, ara rẹ̀ gbóná, kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ràmọ́tà, ló dì í mú. Kò pẹ́ tí Dókítà fi yọ sí wa lẹ́nu ọ̀nà yàrá sáfà.

Ó ní, "Títí, mo nílò àkọsílẹ̀ ìyá kan. Àyà ló ń dà á láàmú. Abẹ́rẹ́ méjì ló wà nílẹ̀ tí mo lè fún un. Ọmọ rẹ̀ ní a gún un ní abẹ́rẹ́ kan níbí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Dókítà tó gún un ti lọ sílùú òyìnbó."

Mo ní, "Sà, kò tíì wọlé."

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Mo ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Mo lè dúró fún wákàtí kan. Mi ò lè dúró fún méjì." Ó padà lọ.

Àkọsílẹ̀ màmá náà wà nínú kọ̀ǹpútà Alhaji níwájú wa, ṣùgbọ́n láìsí sọ́fíwíà, bí lẹ́tà tí wọ́n fi èdè àjèjì kọ ló rí. A kò lè ka ìlà kan níbẹ̀. Mo ń gbọ́ Ràmọ́tà lórí bẹ́ǹṣì níta, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀ mọ́ àdúrà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ ju Jésù, Jésù. Alhaji náà ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ ń mì.

Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí ẹnu tí wọ́n ń fi dísìkì sí lára kọ̀ǹpútà tó gbé wá. Irú ti sáfà náà ni. Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìkeje sí ẹnu tiyín wò."

Ó fi sí i. A gbọ́ tó ń kérora. Lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan.

Alhaji mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe dísìkì ló ń ṣàìsàn. Ẹnu tó ń jẹ ẹ́ ni, kò lè jẹ èyí tó ti gbó mọ́." Ó da ohun inú rẹ̀ sórí dísìkì tuntun, ó fi èyí sínú sáfà, sáfà gbà á. A ṣe ìyókù bẹ́ẹ̀ títí dé ìkọkànlá. Nígbà tó béèrè nọ́ńbà àṣẹ, mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo ti ń sunkún nígbà náà. Alhaji gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní òdo ni mo kọ, lẹ́tà O ni mò ń tẹ̀, ó tẹ òdo. Ó wọlé. A da àkọsílẹ̀ padà sí ààyè rẹ̀, mo sì pe orúkọ màmá náà.

Ó jáde. Mo rán ènìyàn sí Dókítà, ó dé kíá. Mi ò lè kà á fún un, omi kún ojú mi. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ ìlà kan. Ó ní, "Èyí tí mo fẹ́ fún un rèé." Ó tún ìlà náà kà. "Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà yẹn." Ó yípadà, ó lọ fún un ní ìkejì.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi rò ó. Tí mo bá ti dákẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdè, kọ̀ǹpútà Alhaji kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kò ní sí àkọsílẹ̀, kò sì ní sí ẹnu tó máa ka ìkeje.

Ní Mọ́ńdè, Dókítà fún mi ní ìwé kúérì. Ó tọ́ sí mi, mo sì dá a lóhùn bó ṣe rí. Kò lé mi. Wọ́n ti fọ maṣíìnì téèpù, gbogbo Fúráìdè ni mo sì ń ka ohun tí mo bá kó pamọ́, kí n tó kọ déètì sí i.

Màmá Sìdíkátù lo ọjọ́ mẹ́jọ lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ kẹta ló jókòó, ó béèrè ẹ̀kọ, ó ní èyí tí wọ́n gbé wá kò dùn. Ó ti padà sílé báyìí. Lánàá, mo pàdé Ràmọ́tà lọ́nà Òkè-Àrín. Ó dì mọ́ mi láàárín ọjà, ó ní ìyá òun ń kí mi. Kò mọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọwọ́ mi ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ̀. Mo sọ fún un níbẹ̀, lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, kò tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi.

Ìdí tí mo fi jáde nìyẹn. Ògo ni fún Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ ẹnu ara mi. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, nítorí ìyá kan wà láàyè ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo sì lè gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá láìsá.